Ààrò Kẹta ní Òkè-Ìsinmi

"Ẹ sọ ọ́ lédè Yorùbá kí n tó fún yín ní búrẹ́dì," ni Lámídì wí. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orí àpótí gíláàsì rẹ̀ bí ẹni tí olè ń bọ̀ wá bá.

Ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ wọ aṣọ òṣìṣẹ́ ojú irin. Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lédè ìjọba, ó rọra ń fà á bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Lámídì mi orí, ó nàka sí Etí, ẹ̀rọ ìjọba tó ń gbọ́ èdè tí èèyàn ń sọ, tó so mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà. Etí náà kò tóbi ju ọsàn lọ, ṣùgbọ́n iná pupa ara rẹ̀ kò yé ṣẹ́jú.

"Ọ̀gá mi, èmi gbọ́ yín o. Èyí tó wà lókè yẹn ni mi ò fẹ́ kó gbọ́ yín. Olùbẹ̀wò ń bọ̀ lónìí. Ẹ ṣáà sọ pé, 'Ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan," ló wí, bí ẹni ń bú èèyàn.

"Hẹn-ẹ́n! Ẹnu yín á máa jẹyọ̀." Iná pupa náà di àwọ̀ ewé fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tún padà pọ́n. Lámídì fi búrẹ́dì kékeré kan lé ti ọkùnrin náà lórí. "Tó bá di ọ̀la, ẹ wá fi èdè tó bá wù yín bú mi."

Ìbíwùmí jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. Ì bá rẹ́rìn-ín, ká ní ó ṣẹ́ ku agbára ẹ̀rín lára rẹ̀. Láti ìdájí ló ti ń rìn láti ilé dé ilé, tó ń rán àwọn èèyàn létí pé òní ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà. Nínú ìwé ìjọba, Alárinà ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ alárinà náà ló sì ń ṣe lóòótọ́, láti ọdún mọ́kànlá. Ó ń bẹ oníṣọ́ọ̀bù kó jẹ́ kí wọ́n so Etí mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń bẹ ilé ìwé kó yọ̀ǹda kíláàsì kan. Ó ń bẹ àgbàlagbà kó fínnúfíndọ̀ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ láìgba nǹkan kan. Bí ọkọ àti ìyàwó bá sì ti mọ ara wọn tán, wọ́n ní alárinà a yẹ̀bá. Òun náà fẹ́ yẹ̀bá. Òní gan-an ló fẹ́ yẹ̀bá.

Àpò rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀: ọ̀já tuntun, kàn-ìn-kàn-ìn, ọṣẹ dúdú, igbá òrí kékeré kan, àti káàdì ìrìnnà aláwọ̀ aró tí ó fi ọdún mẹ́ta dúró dè. Mopélọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bímọ ní ìjẹta ní Ìlú Tuntun, ìrìn ọjọ́ méjì lórí irin.

"Ìyá Mopé, ẹ ń tẹ ìyẹ̀fun mi pa," ni Lámídì wí. "Aago mélòó ni rélùwéè yín?"

"Aago mẹ́rin."

"Tí Olùbẹ̀wò bá wá pẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ máa sáré ni?"

"Lámídì, wo ẹsẹ̀ yìí. Ṣé ó jọ ẹsẹ̀ tó ń sáré?"

Lámídì kò tíì fèsì tí ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ Ìbíwùmí fi gbọ̀n. Fọlárìn ni, àbíkẹ́yìn Màmá Ẹ̀jídé, àgbàlagbà tó ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà." Ohùn rẹ̀ wúwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibà ló ń ṣe Màmá. Wọn ò lè wá sílé ìwé lónìí."

"Ibà kẹ̀? Ṣé wọ́n ti lo oògùn?"

"Wọ́n ti lò ó mà."

"Ṣé wọ́n á lè dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì? Òfin gbà á. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni."

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, mà," ló wí, ó sì pa ẹ̀rọ náà.

Ìbíwùmí yọ síléètì ìjọba nínú àpò, ó wá ojú ibi tí wọ́n kọ *Ààrò Kẹta* sí, ó sì sọ sí i pé: "Ara rẹ̀ ò yá. Yóò dáhùn láti ilé." Síléètì náà dún kín-ín, ó sì tilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Olùbẹ̀wò nìkan ló lè ṣí i. Ààrò mẹ́ta ló ń gbé èdè agbègbè kan ró nínú ẹ̀rọ ìjọba, ṣọ́ọ̀bù kan, ilé ìwé kan àti àgbàlagbà kan; tí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ̀rọ á gbàgbé èdè náà.

Ó yẹ kí ó mọ̀. Ta ni a bí nílé Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá papò dà, ibà ló kọ́kọ́ máa ń ṣe é? Ibà yóò ṣe é, yóò lo oògùn, a ó ní ó ń sùn, kí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ tó dé. Ìbíwùmí alára ti fi ibà bo ìyá tirẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ò jẹ́ kó ronú, síléètì kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àṣà. Àfìgbà tó dé ojúde Màmá Ẹ̀jídé, tó fẹ́ kí aláìsàn kó tó lọ pàdé Olùbẹ̀wò, ni ó gbọ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn nínú yàrá. Ọyẹ́ ló ń fẹ́ lórí òkè náà. Àwọn èèyàn ń da aṣọ bora. Ta ló ń tan amúlétutù nínú ọyẹ́?

Fọlárìn ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìgbà wo ni?" ni Ìbíwùmí béèrè.

"Ìdájí, mà. Wọ́n ní kí n bu omi wá fún àwọn. Kí n tó dé..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó jáde síta. Bọ̀ọ̀dá Adétólá ò tíì dé. Rélùwéè aago mẹ́ta ló ń gbé wọn bọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ kí àkọ́bí tó gbọ́."

"O sì ní ibà ni, Fọlárìn."

"Kí ni kí n wí, mà? Lórí ẹ̀rọ?"

Ìbíwùmí gbá ọmọkùnrin náà mọ́ra, ọmọ ogójì ọdún, ó wọlé, ó sì fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màmá lórí aṣọ funfun. Ẹsẹ̀ náà ti tutù. Láti ọdún méje, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹsẹ̀ yìí ń gun òkè lọ sí ilé ìwé, tí yóò jókòó, tí yóò kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kí olóko, bí a ti ń kí ẹni tó ń dirun, bí a ti ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé. Òun nìkan ló mọ orúkọ gbogbo ẹja inú ọ̀sà, ọ̀sà tí òkun ti gbé mì kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí ó dé ilé ìwé, Gbóláhàn ti to àga sí. Gbóláhàn ni olùkọ́ tó ń ṣe Kíláàsì Kẹta. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ẹ̀rọ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í tú wò. Ìbíwùmí fà á sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sọ fún un. Gbóláhàn fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló kù?" ni ó béèrè. "Ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tí wọ́n fi èdè yìí tọ́ dàgbà?"

"Àwọn tó kù ti bá ọmọ wọn lọ. Bàbá Lámídì wà, ṣùgbọ́n kò lè dá jókòó mọ́."

"Ó ṣẹ́ ku ẹ̀yin nìkan."

"Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Mo mọ̀, mà. Mi ò ní kí ẹ má lọ." Gbóláhàn wo ilẹ̀. Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́: "Mo ní ohùn wọn. Ọdún méje, gbogbo Ìṣẹ́gun. Mo lè fi sínú agbohùn tó wà lórí tábìlì yẹn, yóò sì fi ohùn wọn dáhùn ohunkóhun tí wọ́n bá bi í. Ẹ ṣáà ti kọ ọ́ sí síléètì pé láti ilé ni wọ́n á ti dáhùn."

"Gbóláhàn!"

"Ẹ gbọ́ mi, mà. Àwa náà kúkú ń fi pa mọ́. Fọlárìn ní ibà ni. Ẹ̀yin náà ní ibà ni. Kí ló wá burú tí ẹ̀rọ bá bá wa fi pa mọ́ títí di aago mẹ́ta?"

Ìbíwùmí jókòó sórí àga ọmọdé kan, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń wá ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i mú. Ohun tó ń rí ni Agbègbè Kọkànlá, níbi tí ààrò kan ti yẹ̀ ní èṣí. Ẹ̀rọ Atúmọ̀ ilé ìwòsàn ibẹ̀ gbàgbé èdè wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá kan jókòó níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó ń sọ pé àyà ń ro òun, ẹ̀rọ náà sì ń sọ lédè ìjọba pé kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Títí bàbá náà fi ṣubú, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Ṣe é," ni ó wí. "Ṣe é kíá, kí n tó tún ọ̀rọ̀ náà rò."

Olùbẹ̀wò dé ní aago kan. Táfà ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eruku ojú irin ti kun fìlà rẹ̀. Ó gbé Etí Àgbà lọ́wọ́ bí ẹni gbé agbọ̀n ẹyin, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì jókòó láìdúró kí ẹnikẹ́ni fi àga lọ̀ ọ́. Èdè ìjọba ló ń sọ.

"Mo ti lọ ilé búrẹ́dì. Ó dára. Mo tilẹ̀ jẹun níbẹ̀. Ilé ìwé nìyí. Ó ku ẹnì kẹta." Ó wo síléètì. "Ara rẹ̀ ò yá."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Gbóláhàn dáhùn.

Wọ́n ti gbé agbohùn náà sí iwájú àga tí Màmá Ẹ̀jídé máa ń jókòó sí. Ìrọ̀rí rẹ̀ ṣì wà lórí àga náà, ibi tó máa ń jókòó sí ṣì tẹ̀ wọlé. Gbóláhàn tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ohùn Màmá ni. Kò sí èyí tó yàtọ̀ nínú rẹ̀, títí kan ikọ́ kékeré tó máa ń tẹ̀lé e. Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn pariwo: "A ti jẹun, mà! Ẹ káàsán, Màmá!" Kí Ìbíwùmí tó mọ̀, orúnkún tirẹ̀ náà ti tẹ̀. Iná Etí Àgbà ń kúrò ní pupa díẹ̀díẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ní iwájú, Ìtìọlá, ẹni tí Màmá máa ń di irun fún, kò tíì dìde. Ó sún mọ́ agbohùn náà.

"Màmá, ṣé ara yín ti yá?"

"Ara mi ti yá, ọmọ mi," ni ohùn náà wí. "Mo ń bọ̀ lọ́la. Wá jókòó tì mí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìbíwùmí dìde. Kò mọ ìgbà tó dé ìdí tábìlì. Ó fa okùn agbohùn náà yọ. Gbóláhàn di ojú.

"Kí ló dé tí ẹ pa á?" ni Olùbẹ̀wò béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta, sà."

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì, Ìbíwùmí sọ òtítọ́ nípa Màmá fún Olùbẹ̀wò lédè ìjọba, èdè tí ó máa ń korò lẹ́nu rẹ̀. Gbóláhàn tó tẹ̀lé wọn ń sọ pé òun lòun dá a lábàá, pé kí wọ́n má bá Ìbíwùmí wí. Ìbíwùmí gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Ìwọ ló dá a lábàá, èmi ni mo ní kí o ṣe é. Ìwọ náà bi mí pé kí ló burú níbẹ̀. Mo ti rí i. À ń fi òkú pa mọ́, Gbóláhàn, a kì í rán an níṣẹ́. Ìwọ lo máa lọ sọ fún Ìtìọlá lọ́la ìdí tí wọn ò fi wá?"

Táfà ti ṣí fìlà.

"Ìyá tèmi náà," ló wí, "ibà ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. A ń retí ẹ̀gbọ́n mi láti ìlú òkèèrè." Ó gbọn eruku fìlà náà. "Èdè tiwa ti jáde nínú ẹ̀rọ, ó di ọdún mẹ́fà. Ààrò kan ló yẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé Etí náà jáde nílé." Ó wo aago. "Ẹ gbọ́, màmá. Tí mo bá lọ báyìí, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ti gbàgbé yín. Tí ẹlòmíì bá wà, kó gbé ọwọ́ lé e kí n tó kúrò. Ọdún mẹ́ta ni yóò fi jẹ́ ààrò. Ẹ mọ ohun tí yóò ṣe káàdì ìrìnnà ẹni náà."

"Mo mọ̀ ọ́n." Òun alára ló ti ń ka òfin náà sétí àwọn ẹlòmíì láti ọdún mọ́kànlá: ẹni tó bá di ààrò kò gbọdọ̀ kúrò ní agbègbè rẹ̀.

Lámídì ti dé pẹ̀lú agbọ̀n búrẹ́dì tó ṣèlérí fún àwọn ọmọ. Ó wo ojú wọn, ó sì mọ̀. Ó gbé agbọ̀n náà sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Ìyá Mopé," ló wí. "Mo ní kí ẹ máa lọ. Ẹ ti ṣe é tó. Tó bá fẹ́ yẹ̀, kó yẹ̀."

"Tí àyà bá ń ro bàbá rẹ, Lámídì, èdè wo ni wọ́n á fi sọ ọ́?"

Lámídì yí ojú sí apá ibòmíràn. "Ìbéèrè yẹn ò dáa," ló wí. "Ẹ má bi mí."

Ìbíwùmí rìn lọ sí ìdí ògiri, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Màmá! Ṣé ẹ ti wà nínú rélùwéè?" Ẹkún ọmọ tuntun ń dún lẹ́yìn ohùn náà.

"Mopé. Màmá Ẹ̀jídé..." Kò parí i.

Ọmọ rẹ̀ kò bínú, ìyẹn ló sì dun Ìbíwùmí jù. "Mo ti mọ̀. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé mo ní àbúrò kan tí mi ò rí rí. Èdè yìí ni, òun lẹ máa ń gbé pọ̀n." Ẹkún ọmọ náà ga sí i. "Wọ́n fi ẹ̀rọ ìwẹ̀ ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì ọkọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, Màmá. Ta ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ?"

Ìbíwùmí fi iwájú orí ti ògiri. Ògiri náà gbóná. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rán an létí pé kò lè dúró mọ́.

"Má pa á," ni ó wí. "Fi ẹ̀rọ rẹ síbi tí wàá ti máa gbọ́ mi. Má pa á."

Ó padà wọ kíláàsì. Ó jókòó sórí àga Màmá, ó kọ́kọ́ gbé ìrọ̀rí náà lé itan. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Etí Àgbà. Ó tutù bí ẹsẹ̀ tó fọwọ́ kàn láàárọ̀. Nínú àpò rẹ̀, káàdì ìrìnnà náà dún lẹ́ẹ̀kan, bí kòkòrò tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìdí tí ẹni tẹ́lẹ̀ fi kúrò?" ni Táfà béèrè jẹ́ẹ́, síléètì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbíwùmí wo àwọn ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì. "Ó rẹ̀ ẹ́," ló wí.

Táfà kọ ọ́. "Àkọsílẹ̀ mi kì í wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́," ló fi kún un, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Àkọ́bí á ti dé nígbà yẹn." Ó ti Etí náà sún mọ́ ọn. "Ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohunkóhun tó bá wù yín."

Ìbíwùmí wá ọ̀rọ̀ títí. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń bẹ èèyàn kó sọ̀rọ̀, kò rí nǹkan kan sọ. Ó wá gbé ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè sí ẹnu, níbi tí ẹkún ọmọ tuntun náà ti ń jáde wínníwínní.

"Jókòó sórí àpótí kúkurú, Mopé. Na ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi náà, má fi ìka wò ó, irọ́ ni ìka máa ń pa. Tí kò bá jó ìgbọ̀nwọ́ rẹ, kò ní jó o. Tẹ́ ẹ sórí ojúgun rẹ, kí orí rẹ̀ wà nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn ró. Bẹ́ẹ̀ ni. Orí la kọ́kọ́ ń wẹ̀. Bu omi díẹ̀díẹ̀, fi ọṣẹ ra á, má tẹ àwùjẹ̀, ibẹ̀ ṣì rọ̀. Jẹ́ kó ké. Ẹkún ìwẹ̀ kì í pa ọmọ. Má jẹ́ kí omi dúró sí ìdodo. Fi kàn-ìn-kàn-ìn rọra yí abẹ́ apá ká. Na apá ọ̀tún kó pàdé ẹsẹ̀ òsì, kí o tún na èkejì, kó má baà le. Kí o sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Kò ní gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ìwọ ni..."

Etí Àgbà dún. Iná rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, kò sì padà pọ́n mọ́. Táfà gbé ọwọ́ sókè pé ó ti tó. Ní ìsàlẹ̀ òkè, rélùwéè aago mẹ́ta fọn fèrè. Fọlárìn yóò ti máa sáré lọ sí ibùdó, ẹkún tí wọ́n ti fi pa mọ́ láti ìdájí yóò sì jáde láìpẹ́.

Ìbíwùmí kò gbọ́wọ́ kúrò lórí Etí náà. Ìtìọlá ti wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ́tí, búrẹ́dì lọ́wọ́.

Láti ìrìn ọjọ́ méjì, omi dún nínú bàsíà.

"Ẹ dúró, Màmá," ni Mopélọ́lá wí. "Ẹ ti yá jù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti orí bẹ̀rẹ̀."

Ó tún ti orí bẹ̀rẹ̀.